Amọ̀ Ẹfúnróyè ní Pápá Kírikẹ́ẹ̀tì Ilo-Awela

Iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n gba Ẹfúnróyè fún ní pápá kírikẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn Ilo-Awela. Ọkọ rẹ̀, Adérógbà, tó ń yọ́ irin ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà, ló gbọ́ pé àwọn ará Íńdíà tó ni ilé-iṣẹ́ ike ń wá obìnrin tí yóò máa tọ́jú ibi tí wọ́n ti ń ṣeré. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ báyìí. Ẹfúnróyè di ọwọ̀ mẹ́ta pọ̀, ó forí lé ibẹ̀.

Ẹni tí kò bá rí eré náà rí yóò rò pé wèrè ń ṣe wọ́n ni. Àwọn ọkùnrin aláṣọ funfun yóò dúró káàkiri nínú oòrùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀kan á sáré wá, á ju bọ́ọ̀lù pupa kékeré kan tó le bí òkúta, èkejì á fi pátákó gbá a. Ṣùgbọ́n gbogbo eré náà, orí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín pápá ló dá lé, nítorí pé ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ balẹ̀ sí kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ gbá a. Píìṣì ni wọ́n ń pè é. Bí píìṣì bá le, tó tẹ́jú, bọ́ọ̀lù á fò bó ṣe yẹ. Bó bá sán, bọ́ọ̀lù á fò bí tata tí wọ́n fi igi lé, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ibi tí yóò bà.

Píìṣì Ilo-Awela sì máa ń sán. Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́ládé, máníjà pápá, ti mú àwọn onímọ̀ méjì wá láti Èkó. Èkíní da yẹ̀pẹ̀ sí i, ó lọ. Èkejì da sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ yẹ̀pẹ̀, òun náà lọ. Lẹ́yìn òjò méjì, ojú ilẹ̀ là yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́ bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀.

Ẹfúnróyè ń wò wọ́n. Ọmọ Ìpetumodù ni, ìdílé amọ̀kòkò ló ti wá, kò sì tíì mọ ìwé kà tó ti mọ amọ̀ gún. Lọ́jọ́ kan, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó bu ilẹ̀ náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Iyanrìn ti pọ̀ jù nínú amọ̀ yìí. Kò lè di ara rẹ̀ mú."

Gbọ́ládé wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà kò ju ọmọ ogójì ọdún lọ, kì í sì í sọ̀rọ̀ àrífín sí àgbà. "Ẹ" ló máa ń lò, ó kàn jẹ́ pé "ẹ" tirẹ̀ máa ń gé ni lára ni.

"Ìyá Bùsọ́lá, ṣé ìkòkò ọbẹ̀ lẹ gbọ́ pé a fẹ́ mọ níbí ni?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹfúnróyè náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó mú ọwọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹgbẹ́ kan láti Gánà dé, tí píìṣì tún ti là, Gbọ́ládé pè é sí ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí. "Ẹ gbìyànjú ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́sí. Bó bá dára, ó dára. Bó bá bàjẹ́, ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́ o."

Ẹfúnróyè wọ igbó tó wà lójú ọ̀nà Ìjù, ó wú amọ̀ ọ̀gán, nítorí pé ikán ti fi itọ́ rẹ̀ pò ó ná. Ó wa amọ̀ dúdú létí odò. Ó sá méjèèjì, ó gún wọn, ó kù wọ́n bí ẹní ń ku èlùbọ́. Ó kó èyí tó wà nílẹ̀ kúrò, ó tẹ́ tirẹ̀ ní ìpele ìpele, ó ń wọ́n omi sí i, ó ń fi rólà onírin tẹ̀ ẹ́, èyí tí ọkùnrin méjì máa ń fà. Òun nìkan ló fà á. Ọwọ́ rẹ̀ bó. Nígbà tí ẹgbẹ́ Gánà dé, balógun wọn bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó béèrè ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ yìí. Gbọ́ládé gbé ọwọ́ lé àyà.

Ẹfúnróyè ròyìn rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ nílé, ó ń rẹ́rìn-ín. Adérógbà kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí i," ó ní, "ẹni tó bá jí iṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan tó dùn mọ́ ọn, yóò tún padà wá jí òmíràn." Lẹ́yìn náà ikọ́ gbé e, kò lè parí ọ̀rọ̀. Èéfín irin ti wọ̀ ọ́ lẹ́dọ̀fóró nígbà yẹn.

Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni ẹgbẹ́ àlejò ń wá: Kẹ́ńyà, Ùgáńdà, Íńdíà, Ìlú Ọba. Wọ́n mú Gbọ́ládé lọ sókè òkun, ó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe píìṣì ilẹ̀ olóoru, ó gba ìwé-ẹ̀rí, ó gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì. Nígbà tó dé, ó pe Ẹfúnróyè.

"Nígbà tí àlejò bá ti wọlé, mi ò fẹ́ rí yín nídìí rólà mọ́. Ó ń kó ìdààmú bá wọn. Láàárọ̀ kùtù nìkan."

"Ó dáa, Ọ̀gá."

Àwọn àlejò yìí kì í wá nítorí eré nìkan. Wọ́n ti ka ìwé nípa ilẹ̀ wa, wọ́n fẹ́ rí àṣà. Gbọ́ládé á kó wọn lọ wo Òkè Olúmọ, á mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń pa àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta, á fi agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ hàn wọ́n l'Ọ́tà. Ìgbà tó wá rántí pé ọmọ amọ̀kòkò wà lábẹ́ rẹ̀, ó pàgọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ó ní kí Ẹfúnróyè ró ògbólógbòó aṣọ òfì, kó jókòó sílẹ̀, kó máa mọ ìkòkò.

"Ẹ bọ́ bàtà," ó sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Àwọn ìyá àtijọ́ kì í wọ bàtà. Ẹ má sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá bi yín ní nǹkan, ẹ rẹ́rìn-ín sí wọn."

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé ẹni tó ṣe ilẹ̀ tí wọ́n ń gbóríyìn fún ń jókòó sínú àgọ́ láìwọ bàtà, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀, ó sì ń gbọ́ bí Gbọ́ládé ṣe ń ṣàlàyé amọ̀ ọ̀gán fún àlejò láìtó ogún ẹsẹ̀ bàtà sí i. Òyìnbó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èyí tó tó. Ó fara dà á. Ilé-iṣẹ́ ike ní kílíníìkì kan, káàdì òṣìṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni Adérógbà fi ń gba òògùn tí wọ́n ń fà símú, èyí tó ń jẹ́ kó lè mí. Àwọn tó ń yọ́ irin fún ti dá a dúró nígbà tí ikọ́ rẹ̀ le.

Lóṣù kẹfà ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ kan dé láti Ìlú Ọba fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárín wọn ni ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó ń jẹ́ Tọ́mù, onírun pupa, ẹni ọdún méjìlélógún. Òun nìkan ni kò ya fọ́tò. Ó bọ́ bàtà tirẹ̀ náà, ó jókòó ti Ẹfúnróyè, ó ní kó kọ́ òun. Ìkòkò tó mọ wọ́ bí ojú arúgbó. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó gbọ́ èdè ẹnì kejì dáadáa. Àràárọ̀ ló ń wá kí i lẹ́yìn ìyẹn: "Ẹ káàárọ̀, Mà." Ó máa ń pe "káàárọ̀" bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n dé, wọ́n ń ṣe ìdíje àkọ́kọ́. Òjò ṣú bolẹ̀ láti apá Ìfọ̀. Ní bíi agogo mẹ́wàá, fóònù Ẹfúnróyè dún. Bùsọ́lá ni, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún.

"Màmi, Dádì ò lè mí. Òògùn yẹn ò ṣiṣẹ́. Ètè wọn ti ń dúdú."

Ẹfúnróyè sáré lọ bá Gbọ́ládé, amọ̀ lọ́wọ́. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi ni. Ẹ jẹ́ n yà délé, kò jìnnà, màá padà."

Gbọ́ládé wo òkè. "Òjò yìí ń bọ̀. Ta ni yóò sọ fún wọn bí wọ́n ṣe máa bo píìṣì? Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ bí tapólì yẹn ṣe máa ń jókòó. Ikọ́ yìí, ṣé òní ló bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Ó le gan-an lónìí, Ọ̀gá."

"Ìyá Bùsọ́lá, bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Bí ẹ bá jáde ní géètì yẹn báyìí, ẹ fi káàdì yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ Mùsílíù." Mùsílíù ni ó ń ṣọ́ géètì. "Ẹ fún mi ní fóònù yẹn ná. Bí wọ́n bá pè, màá gbé e, màá wá sọ fún yín. Ẹ padà sínú àgọ́, àwọn ìyàwó àlejò ń dúró."

Ẹfúnróyè ro káàdì náà. Ó rò ó pé Adérógbà ti rí irú èyí rí, ó sì bọ́ níbẹ̀. Ó fún un ní fóònù. Ó padà sínú àgọ́, ó jókòó.

Òjò kò tètè rọ̀. Àwọn obìnrin òyìnbó mẹ́rin yí i ká, wọ́n ń yìn ín, wọ́n ní kó gbé orí sókè, kó wo apá ibí. Ó rí Gbọ́ládé lókèèrè tó gbé fóònù òun sétí. Ó rí i tó yí ẹ̀yìn padà. Ó fẹ́ dìde. Gbọ́ládé kọjú sí i, ó rẹ́rìn-ín, ó na àtàǹpàkò sókè sí i. Ẹfúnróyè dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó mọ ìkòkò méjì sí i.

Wákàtí kan àti ààbọ̀ ló fi jókòó níbẹ̀. Nígbà tí òjò wá dé, tí ó ti to àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà tó fa tapólì bo ilẹ̀ ní apá kan, Mùsílíù kúrò ní géètì, ó wá bá a nínú òjò. Ojú ọkùnrin náà ti pọ́n.

"Ìyá Bùsọ́lá, ẹ máa lọ sílé. Ẹ máa lọ báyìí."

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ọ̀gá ní kò sí nǹkan."

"Bùsọ́lá pe nọ́ńbà mi ni. Ó ní òun ti pe tiyín, ọkùnrin kan gbé e, òun sì sọ fún un. Ó ti tó wákàtí kan." Ó gbé ojú kúrò lójú rẹ̀. "Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n wà lọ sílé ìwòsàn. Wọn ò débẹ̀."

Ẹfúnróyè fi tapólì sílẹ̀ níbi tó bá a dé. Ó sáré jáde láìwọ bàtà, nínú aṣọ òfì àwọn àlejò.

Wọ́n sin Adérógbà sí Ìpetumodù. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Gbọ́ládé fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí Ẹfúnróyè pé ìdíje àṣekágbá ku ọjọ́ mẹ́ta, kó wá wo ilẹ̀. Bùsọ́lá ní kó má lọ. Ẹfúnróyè wọ ọkọ̀.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, bóyá òun gan-an kò sì mọ̀ ọ́n. Ó rìn lórí píìṣì láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó ń fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀. Ó ń dún kì, kì, kì. Nígbà tó dé itòsí igi mẹ́ta tí wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, èyí tó wà ní apá ìlà oòrùn, ó dún kò. Ó tún un lù. Kò. Ibi tí tapólì kò jókòó dáadáa lọ́jọ́ òjò nìyẹn. Omi ti gbabẹ̀ wọlé, ó ti jẹ inú ilẹ̀, ó ku èèpo lókè.

Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni láti wú u, kí wọ́n tún un tẹ́. Ó lọ sí ọ́fíìsì láti sọ ọ́. Gbọ́ládé gbé orí sókè kúrò nídìí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tù yín nínú." Ó na fóònù Ẹfúnróyè sí i. "Ẹ gbà, ẹ gbàgbé rẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀ yín ní nǹkan kan: aṣọ dúdú yìí, ẹ bá mi bọ́ ọ lọ́jọ́ àṣekágbá. Àwọn àlejò ò fẹ́ rí ojú ọ̀fọ̀ nínú fọ́tò."

Ẹfúnróyè gba fóònù. "Ọ̀gá, lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí ọmọ mi pè, kí ló sọ fún yín?"

Gbọ́ládé kò tiẹ̀ tijú. "Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣé bí mo bá sọ fún yín, yóò jí ni? Èèyàn ti kú tán. Àlejò sì wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ gba kádàrá. Ilẹ̀ ńkọ́, ṣé ó dáa?"

Afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí i lójú. Ó wo ìwé-ẹ̀rí tó wà lára ògiri.

"Ó dáa, Ọ̀gá," ni Ẹfúnróyè wí.

Ó padà síbẹ̀. Ó po amọ̀ díẹ̀, ó fi pa ojú ibi tó ń dún náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dán an títí tó fi ń kọ yànrànyànràn. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bọ́ọ̀lù yóò fò ṣákálá, ìdíje yóò dàrú, ojú yóò ti Gbọ́ládé lójú àwọn aláwọ̀ funfun tó ń yangàn fún. Ìyẹn nìkan ló jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ rò. Bọ́ọ̀lù náà le bí òkúta, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ìmọ̀ yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, oòrùn mú ganrínganrín. Ẹfúnróyè wọ aṣọ òfì, ó bọ́ bàtà, ó jókòó. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, bọ́ọ̀lù kò kan ibẹ̀. Nígbà tó kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó fò díẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, eré ń lọ. Nígbà tó ṣe, Tọ́mù jáde wá pẹ̀lú pátákó rẹ̀. Bó ṣe ń kọjá níwájú àgọ́, ó dúró. Ẹnì kan ti sọ fún un nípa ọkọ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó tẹrí ba, ó sì sọ ohun tó lọ kọ́ lẹ́nu Mùsílíù: "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ẹ kú ìnira."

Ẹfúnróyè dìde. Ó la ẹnu. Tọ́mù rò pé ó ń dúpẹ́ ni, ó juwọ́ sí i, ó sáré wọ inú pápá. Ooru pọ̀, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù kò sì fi bẹ́ẹ̀ le, nítorí náà ó bọ́ àkoto tó ní irin lójú, ó fún ẹnì kan gbé lọ. Ẹfúnróyè rí i tó bọ́ ọ. Ó ṣí ẹsẹ̀ méjì síwájú. Gbọ́ládé wà lẹ́bàá ibẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣe é pé kó jókòó. Ó jókòó.

Bọ́ọ̀lù kẹta ló balẹ̀ síbẹ̀. Èèpo amọ̀ náà fọ́, bọ́ọ̀lù gbéra nílẹ̀ bí ohun tí ẹnì kan jù láti abẹ́. Kò sí ẹni tó gbọ́ igbe. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni ìró kan tó rọ̀. Tọ́mù kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde sórí amọ̀.

Ojú ọ̀tún fọ́. Wọ́n gbé e lọ sí Èkó lọ́jọ́ náà, wọ́n fi bàálù gbé e lọ sílé lọ́jọ́ kẹta.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àwọn ará Íńdíà, Gbọ́ládé àti olórí àwọn àlejò, ọkùnrin arúgbó kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Pẹ́rì, ń ṣèpàdé ní ìloro. Ẹfúnróyè wọlé bá wọn láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó kúnlẹ̀ níwájú arúgbó náà.

"Èmi ni mo ṣe ilẹ̀ yẹn," ó wí. "Láti bí ọdún méje sẹ́yìn, èmi ni mò ń ṣe é. Mo mọ̀ pé ihò wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀, mo sì bò ó mọ́lẹ̀. Èmi ni mo fọ́ ọmọ náà lójú. Ẹ pe ọlọ́pàá."

Ọ̀gbẹ́ni Pẹ́rì yíjú sí Gbọ́ládé kó túmọ̀ rẹ̀. Gbọ́ládé kò wo Ẹfúnróyè rárá. Ó sọ òyìnbó rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, Ẹfúnróyè sì gbọ́ ọ̀kan, ó gbọ́ èkejì: ìyá, àdúrà, ọmọ, ọ̀fọ̀. Omi lé ròrò lójú arúgbó náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá ọwọ́ obìnrin náà mú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Rárá," ni Ẹfúnróyè ń pariwo. "Nó, nó! Mí! Na mí!" Ó ń lu àyà rẹ̀. Arúgbó náà gbá a mọ́ra.

Gbọ́ládé fà á dìde jẹ́jẹ́, ó mú un dé ẹnu ọ̀nà. "Ta ni yóò gbà yín gbọ́?" ó wí sí i létí. "Agbálẹ̀ ni yín nínú ìwé. Ẹ̀yin lẹ mọ ìkòkò. Bí ẹ bá fẹ́ kí n bá yín rojọ́, ẹ jẹ́ n mọ̀ bí agbálẹ̀ ṣe ń ṣe píìṣì."

Ẹfúnróyè lọ bá Mùsílíù ní géètì pé kó bá òun sọ ọ́ ní òyìnbó fún wọn kí ọkọ̀ wọn tó gbéra. Mùsílíù di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìyá Bùsọ́lá, ọmọ mẹ́rin ni mo bí," ó wí. Ó ṣí géètì fún ọkọ̀ náà, ó sì tì í.

Nínú ìwé tí wọ́n kọ nípa ìjàm̀bá náà, òjò ló jẹ̀bi. Gbọ́ládé ní kí wọ́n gbé kápẹ́ẹ̀tì oníke kan wá láti òkè òkun, wọ́n tẹ́ ẹ sórí píìṣì. Bọ́ọ̀lù ń fò dáadáa lórí rẹ̀, kò sì fẹ́ olùtọ́jú. Wọ́n gba káàdì lọ́wọ́ Ẹfúnróyè.

Gbogbo rẹ̀ ló sọ fún Bùsọ́lá, kò fi kan pamọ́. Ọmọ náà gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Màmi," ó wí, "lọ́jọ́ tí Dádì ń kú lọ́wọ́ mi, ẹ jókòó nítorí Gbọ́ládé. Lọ́jọ́ tí ọmọ ọlọ́mọ bọ́ àkoto rẹ̀, ẹ tún jókòó nítorí Gbọ́ládé. Èwo lẹ dìde fún?"

Ẹfúnróyè ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè náà tẹ́lẹ̀.

Bùsọ́lá kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ l'Óṣogbo, ó ń kọ́ aṣọ rírán. Ó máa ń pe ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n máa ń kí ara wọn, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ nípa bí nǹkan ṣe wọ́n, wọ́n á sì dágbére. Ẹfúnróyè ń ṣa ike báyìí ní àgbàlá kan nítòsí abẹ́ bíríìjì Ṣàngó, ó ń ya funfun sọ́tọ̀, ó ń ya aláwọ̀ sọ́tọ̀. Lóṣù tó kọjá, bọ́ọ̀sì funfun kan tó kó àlejò kọjá lọ sí apá Ilo-Awela, Gbọ́ládé jókòó níwájú. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣa ike juwọ́ sí àwọn òyìnbó náà. Wọ́n bi Ẹfúnróyè pé ṣé ó mọ ibi tí wọ́n ń lọ ni, tó fi ń wò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n.